Ẹnu ta ni oríkì yẹn ti jáde? Ìdáhùn fún ẹni tó ń wá agbo ilé bàbá ńlá rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Kàdúná ni mo ń gbé, ṣùgbọ́n Tamale ní Gánà ni wọ́n ti bí bàbá mi. Bàbá bàbá mi ló ti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ síbẹ̀ ní àwọn ọdún 1930, géńdé ni wọ́n nígbà náà. Onítẹ̀bọmi ni wọ́n. Wọ́n padà sílé nígbà tí ìjọba Gánà lé àwọn àjèjì ní 1969. Bàbá tó bí wọn ni mò ń wá. Àlàó nìkan ni a mọ̀ wọ́n sí. Àgbẹ̀ ni wọ́n, oko wọn wà lọ́nà Ìkòyí-Ilé, nítorí náà gbogbo wa gbà pé ará Ìkòyí ni wá. Ìyá àgbà, ìyàwó bàbá bàbá mi, máa ń kì wá láàárọ̀, ṣùgbọ́n ohun tí mo rántí níbẹ̀ kò ju "Ìjàkadì lorò Ọ̀fà" lọ. Kò sí ẹni tó mọ agbo ilé wa mọ́. Ṣé kí n lọ ṣe àyẹ̀wò DNA ni, àbí kí n lọ síbi tí ìjọba ń kó ìwé pamọ́ sí?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìrántí ilé. Mo ka lẹ́tà yín lẹ́ẹ̀mejì, mo sì rí i pé ohun tó wúlò jù níbẹ̀ ni ẹ fi sí ìparí, bí ẹni pé kò já mọ́ nǹkan kan. Ẹ ní oríkì tí ẹ rántí kò ju gbólóhùn kan lọ. Mo mọ àwọn tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wá irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ tí wọn kò rí i, torí pé ẹni tó mọ̀ ọ́n ti lọ. Òun la ó fi bẹ̀rẹ̀. DNA àti ìwé ìjọba á dúró ná.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ orúkọ. Àlàó kò ṣeé fi wá ènìyàn. Oríkì ni, bíi Àjàní, Àkànní, Àyìnlá àti Àdìgún. Bí ẹ bá dúró lójúde agbo ilé kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí ẹ pe Àlàó, ẹni mẹ́ta lè dáhùn. Bàbá ńlá yín ní orúkọ àbísọ, ó sì ṣeé ṣe kó ní orúkọ àmútọ̀runwá bíi Òjó tàbí Ìdòwú, yàtọ̀ sí èyí tí àwọn ará àdúgbò fi ń pè é nítorí iṣẹ́ tàbí ìṣe rẹ̀. Ìdí tó fi jẹ́ Àlàó nìkan ló kù sí yín lọ́wọ́ kò ṣòro láti mọ̀. Ẹnu ìyàwó ilé ni orúkọ náà ti wá, ìyàwó ilé kì í sì í pe orúkọ bàbá ọkọ rẹ̀.

Orúkọ àbísọ yẹn gan-an ni kí ẹ máa ṣọ́, torí pé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sábà máa ń tọ́ka sí iṣẹ́ tàbí ẹ̀sìn ilé. Ilé tí orúkọ wọn ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Òjé, ilé eléégún ni. Àyàn ni ti àwọn onílù. Ọ̀nà ni ti àwọn tó ń gbẹ́gi tàbí tó ń ṣe iṣẹ́ ọnà mìíràn. Ilé ọdẹ àti ilé alágbẹ̀dẹ ló ni Ògún, ilé awo ló ni Fá. Bí ẹ bá gbọ́ ọ̀kan nínú wọn, ẹ ti dín agbo ilé tí ẹ ó kàn sí kù gan-an.

Ní ti Ìkòyí, mo bẹ̀ yín, ẹ fi í sílẹ̀ ná. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ a máa ní ilé nígboro, a sì máa ní ahéré lóko, ibi tí ahéré bá sì wà kò sọ ibi tí ìdílé ti ṣẹ̀ wá. Bàbá ìyàwó lè fún àna rẹ̀ nílẹ̀ dáko. Ọ̀rẹ́ lè fún ọ̀rẹ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni Ògbómọ̀ṣọ́ fúnra rẹ̀ kì í ṣe ìlú ará ibì kan ṣoṣo. Ògúnlọlá ọdẹ ló tẹ̀ ẹ́ dó lóòótọ́, ṣùgbọ́n ogun ló sọ ọ́ di ìlú ńlá. Nígbà tí Ọ̀yọ́-Ilé tú ní nǹkan bí 1835 sí 1837, tí ìlú lórí ìlú tú tẹ̀ lé e, Ògbómọ̀ṣọ́ wà lára àwọn tí kò tú, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ sá àsálà wá. Oníkálukú gbé oríkì rẹ̀ àti èèwọ̀ rẹ̀ dání wọlé. Ìdí nìyẹn tí agbo ilé mẹ́ta tí wọ́n jọ ń pọn omi nínú kànga kan fi lè ní orírun mẹ́ta.

Ká ní ará Ìkòyí ni yín ni, ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣọ́ ni ẹ ò bá máa gbọ́ láàárọ̀: pé ẹ̀ṣọ́ Ìkòyí kì í gbọfà lẹ́yìn, iwájú ni wọ́n fi ń gbà á. Ogun ló kún inú oríkì wọn. "Ìjàkadì lorò Ọ̀fà" yàtọ̀ sí i pátápátá. Ti Ọlálọmí ni, ti Ìyèrú Ọ̀kín, Ọlọ́fà Mọjọ̀. Ẹni tí wọ́n bá ń kì báyìí, orírun rẹ̀ kan Ọ̀fà, bó ti wù kó pẹ́ tó tí ẹnikẹ́ni nínú wọn ti fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Ọ̀fà kẹ́yìn. Ọjọ́ orí bàbá ńlá yín kò sì ta ko ọ̀rọ̀ yìí. Bí ọmọ rẹ̀ bá jẹ́ géńdé ní àwọn ọdún 1930, a jẹ́ pé wọ́n bí Àlàó ní nǹkan bí 1880 tàbí lẹ́yìn rẹ̀ díẹ̀. Ìgbà yẹn gan-an, lẹ́yìn ogun Jálumi ti 1878, ni Ìlọrin dó ti Ọ̀fà fún ọ̀pọ̀ ọdún títí ìlú náà fi tú. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n pọn ọmọ kékeré wọ Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà náà. Ó tún ṣeé ṣe kí àwọn bàbá rẹ̀ ti débẹ̀ tipẹ́. Ẹ má kọ èyíkéyìí sílẹ̀ bí ìtàn títí ẹ ó fi gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn.

Ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tó ń kọ mí lóminú, òun ló sì lè ṣì yín lọ́nà jù lọ. Ta ni ìyá àgbà ń kì? Ìyàwó tó bá dé ilé ọkọ, oríkì ilé ọkọ ló ń kọ́, òun náà ló sì fi ń kì ọkọ àti àwọn ọmọ ilé. Bí ó bá jẹ́ báyìí ni, Ọ̀fà ni agbo ilé Àlàó. Ṣùgbọ́n ìyá a máa fi oríkì ilé bàbá tirẹ̀ kún un fún ọmọ àti ọmọ ọmọ, torí pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ náà ni wọ́n. Bí ó bá jẹ́ èyí ni gbólóhùn tí ẹ rántí, a jẹ́ pé ilé ìyá àgbà ló ti Ọ̀fà wá, tí a kò sì tíì mọ nǹkan kan nípa Àlàó. Mo ti rí ẹbí kan tí wọ́n fi ọdún púpọ̀ wá agbo ilé ọkọ lọ síbi tí ìyàwó ti wá.

Ọ̀nà tí ẹ lè gbà mọ̀ wà. Ẹ bi àwọn tó bá ìyá àgbà gbé: kí ló ń sọ nígbà tí ọkọ rẹ̀ bá ti oko tàbí ọjà dé? Obìnrin kò ní fi oríkì ilé bàbá tirẹ̀ kí ọkọ káàbọ̀. Kí ni àwọn ìyàwó ilé yòókù ń kì yín, àwọn tí wọn kò bá a tan? Bí ìyàwó méjì tí wọ́n wá láti ilé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ bá ń kì àwọn ọmọ ní Ìjàkadì lorò Ọ̀fà, ọ̀rọ̀ ti yanjú, ti ilé ọkọ ni. Bí ó bá sì jẹ́ ìyá àgbà nìkan ló ń sọ ọ́, ẹ fura.

Bí a ṣe ń bi àgbà léèrè náà ṣe pàtàkì. Mo lọ bá ìyá àgbàlagbà kan nígbà kan ní Ọ̀yọ́, ní agbo ilé kan tí kò jìnnà sí ọjà Akẹ̀sán. Ẹ̀gúsí ló ń bó sínú igbá lẹ́nu ọ̀nà. Mo ṣí ìwé, mo ń bi í: ta ló bí bàbá ọkọ yín, ìlú wo ni wọ́n ti wá? "N ò mọ̀, ọmọ mi. Wọ́n ti kú kí n tó dé." Gbogbo ohun tí mo bi í, èsì kan náà ni. Mo ti ń palẹ̀ mọ́ nígbà tí ọmọ ọmọ rẹ̀ kan ti ilé ìwé dé, tó dọ̀bálẹ̀ tòun ti àpò ìwé lẹ́yìn. Màmá gbé igbá sílẹ̀, ó nu ọwọ́ sí ìró, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kì í. Ọmọ náà ò dìde, ó mọ̀ pé kò tíì parí. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ màmá ti dárúkọ ìlú tó tú, iṣẹ́ tí ilé náà ń ṣe níbẹ̀, àti ọkùnrin tó sùn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé náà, orúkọ rẹ̀ gan-an, ẹni tó ní òun kò mọ̀. Nígbà tí mo bi í lẹ́yìn náà, ó wò mí tìyanu-tìyanu. "Èmi ò pe orúkọ wọn o. Mo kì wọ́n ni."

Láti ọjọ́ yẹn n kì í bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìbéèrè mọ́. Ẹ jẹ́ kí ọmọdé wà níbẹ̀. Ẹ lọ láàárọ̀, tàbí nígbà tí wọ́n bá ń ṣe ìnáwó. Ẹ fi ohùn sórí fóònù pẹ̀lú ìyọ̀ǹda wọn, kí ẹ sì tún un gbọ́ lẹ́yìn, torí pé etí kì í gbọ́ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Nígbà tó bá wá tó àkókò ìbéèrè, ẹ ṣọ́ra fún ọ̀rọ̀ "bàbá" àti "ẹ̀gbọ́n." Gbogbo ọkùnrin ilé tó bá jẹ́ ẹgbẹ́ bàbá ẹni, bàbá là ń pè wọ́n. Èmi fúnra mi kọ ìtàn ilé ìyá mi, mo fi ọkùnrin kan ṣe bàbá fún ẹni tó jẹ́ ọmọ àbúrò rẹ̀. Mo ti ṣe ẹ̀dà rẹ̀ fún ẹbí, ọdún méjì kọjá kí àgbà kan tó pè mí sí kọ̀rọ̀ pé mo ti pa ẹnì kan rẹ́ nínú ìran wọn. Ó dùn mí gan-an, torí pé ọkùnrin tí mo pa rẹ́ yẹn kò ní ẹlòmíràn tó máa rántí rẹ̀. Nísinsìnyí mo máa ń béèrè tààrà: ṣé òun ló bí i, àbí òun ló tọ́ ọ? Ọbàkan ni wọ́n ni, àbí iyèkan, àbí ìyá kan náà bàbá kan náà? Ẹ bi wọ́n bẹ́ẹ̀, wọn ò ní bínú.

Ọjọ́ orí ńkọ́? Àwọn àgbà ò ní fún yín ní ọdún, ṣùgbọ́n wọ́n lè fún yín ní ohun tó ṣẹlẹ̀. Àjàkálẹ̀ àrùn lùkúlùkú, 1918 ni. Ìgbà tí ojú irin dé Ọ̀fà, 1908. Rògbòdìyàn Ìsẹ́yìn àti Òkèhò, 1916. Ẹ bi wọ́n pé nígbà tí èyí ṣẹlẹ̀, ṣé Àlàó ti gbéyàwó, ṣé ó ti ní ọmọ tó ń rìn? Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọdún 1969 kò ṣòro rántí fún ẹnikẹ́ni, torí pé ọdún náà ni wọ́n pa Ṣọ̀ún nínú ìjà owó orí, òun náà sì ni àwọn ará Gánà wọ́ dé ní ìparí rẹ̀ pẹ̀lú ẹrù lórí, lẹ́yìn tí ìjọba Busia ní Gánà fún wọn ní ọjọ́ mẹ́rìnlá péré.

Ẹ tún wo orúkọ àwọn ọmọ tí wọ́n bí ní Tamale. Bí Babátúndé bá wà níbẹ̀, tí ìwé ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ sì sọ pé 1938 ni wọ́n bí i, àgbà ọkùnrin kan ti kú nínú ẹbí kò pẹ́ sígbà yẹn. Ó lè jẹ́ Àlàó. Ó sì lè jẹ́ bàbá ìyá àgbà, torí náà ẹ béèrè ẹni tí wọ́n rí nínú ọmọ náà.

Tí ẹ bá ti ní èyí lọ́wọ́, ẹ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, kì í ṣe kí ẹ tó ní i. Àwọn àyàn ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Ìlù ni wọ́n fi ń kì ilé kọ̀ọ̀kan níbi ìnáwó, àìmọ oríkì ilé kan sì lè mú kí owó bọ́ lọ́wọ́ wọn, nítorí náà wọ́n mọ ẹni tó ni Ọ̀fà àti ẹni tó ni Ìkòyí ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan. Ẹ bi wọ́n ní agbo ilé tí wọ́n máa ń lù Ọlálọmí fún. Èyí á fún yín ní orúkọ ilé díẹ̀, ẹ ó wá máa kàn sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ má dá wọ agbo ilé o. Ẹ wá ẹni tí wọ́n mọ̀, alàgbà ìjọ tàbí ọmọ ilé kan, kó mú yín lọ bá baálé. Ẹ mú owó obì dání. Gbólóhùn àkọ́kọ́ tí ẹ máa sọ, kó jẹ́ pé ẹ kò wá ilẹ̀, ẹ kò sì wá oyè, ẹ̀jẹ̀ yín lẹ wá. Ẹ má fojú kéré èyí. Ẹni tó ti Kàdúná dé lójijì tó ń béèrè pé níbo ni bàbá òun àgbà dáko sí, àwọn ọmọ ilé á rò pé agbẹjọ́rò ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ má tilẹ̀ dárúkọ oko lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Ohun mìíràn wà tí a kì í béèrè ní gbangba. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó wà nínú agbo ilé ló bá wọn tan nípa ẹ̀jẹ̀ látilẹ̀ wá. Àwọn kan wọlé bí ìwọ̀fà tí wọn kò padà mọ́, àwọn kan jẹ́ ẹni tí ogun kó. Ọmọ wọn ti di ọmọ ilé, oríkì ilé ni wọ́n ń kì wọ́n, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá rí i pé àgbà kan yí ọ̀rọ̀ padà lójijì nígbà tí ẹ dé orí ẹnì kan, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Ẹ lè padà wá lẹ́yìn oṣù díẹ̀, kí ẹ̀yin nìkan jókòó tì í. Bí ó bá sì wá jẹ́ pé Àlàó gan-an ló wọlé báyìí, kò yọ ohunkóhun kúrò lára rẹ̀ lójú tèmi. Bàbá tó fún yín ní orírun náà ni.

Bí ẹ bá dé ilé tó jọ ilé yín, ẹ béèrè ojú oórì. Inú ilé ni wọ́n ń sin àgbà sí láyé ìgbà yẹn, àwọn ìyá ilé sì mọ ẹni tó sùn sí yàrá wo, bí wọ́n tilẹ̀ ti da kọ̀ǹkéré lé e. Ẹ béèrè èèwọ̀ ilé náà, kí ẹ fi wé ohun tí bàbá yín kì í jẹ. Bí fọ́tò bàbá bàbá yín bá wà, ẹ mú un lọ, ẹ wo ilà ojú rẹ̀ kó tó di pé ẹ fi hàn wọ́n. Pélé ni ilà mẹ́ta kúkúrú tó dúró lórí ẹ̀rẹ̀kẹ́, àbàjà ni èyí tó dùbúlẹ̀. Ilà nìkan kò lè sọ agbo ilé, àmọ́ bí ti àwọn àgbà ibẹ̀ bá yàtọ̀ pátápátá sí ti inú fọ́tò, ẹ béèrè ìdí.

Ní ti ìwé, ti ìjọ ni kí ẹ fi ṣáájú. Àwọn míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi ti wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ láti 1855, àwọn oníṣòwò Yorùbá ló sì dá ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìjọ Onítẹ̀bọmi ìbẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ ní Gánà. Ẹ kọ̀wé sí ìjọ tó wà ní Tamale, ẹ béèrè ìwé ìtẹ̀bọmi àti ìwé ìgbéyàwó. Ẹni tó wà lájò sábà máa ń sọ agbo ilé tó ti wá kí wọ́n má bàa fi ẹlòmíràn pè é, akọ̀wé ìjọ sì lè ti kọ ọ́ sílẹ̀.

Ilé tí ìjọba àpapọ̀ ń kó ìwé pamọ́ sí wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Ẹ má lọ síbẹ̀ kí ẹ tó mọ orúkọ agbo ilé, ẹ ó kàn fi owó ọkọ̀ ṣòfò ni. Tí ẹ bá ti mọ̀ ọ́n, ẹ béèrè àwọn fáìlì tí wọ́n ń pè ní Oyo Prof, ìyẹn ti ẹkùn Ọ̀yọ́ láyé òyìnbó, kí ẹ má sì dúró síbẹ̀: wọ́n fi Ògbómọ̀ṣọ́ sábẹ́ Ìbàdàn fún ìgbà pípẹ́, torí náà ẹ wo Iba Div (ti ìpín Ìbàdàn) àti Oshun Div (ti ìpín Ọ̀ṣun) pẹ̀lú. Ogbomosho ni wọ́n ń kọ ọ́, kò sí àmì ohùn kankan lórí orúkọ ènìyàn. Baálé ilé ni ìjọba ń gba owó orí àwọn ará ilé lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí náà orúkọ baálé ni kí ẹ máa wá níbẹ̀, ẹ má retí Àlàó. Ibi tó dára jù ni ìwé ẹjọ́ ilẹ̀. Olùpẹjọ́ á dìde, á ka ìran rẹ̀ láti orí ẹni tó kọ́kọ́ dáko síbẹ̀ títí kan ara rẹ̀, akọ̀wé kóòtù á sì kọ gbogbo rẹ̀. Ẹ rántí ṣá pé ẹni tó ń sọ ọ́ fẹ́ borí, nítorí náà ẹ ka ti ẹni kejì náà.

DNA lè fi ìbátan kan hàn yín ní ìlú òkèèrè, kò lè sọ agbo ilé. Bí owó yín kò bá pọ̀, ẹ fi wọ ọkọ̀ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́.

Ṣùgbọ́n ṣáájú gbogbo èyí, ẹ wo obìnrin tó dàgbà jù nínú ẹbí yín báyìí, ẹni tó bá ìyá àgbà gbé ní Tamale tàbí lẹ́yìn tí wọ́n dé. Ẹ pè é lọ́sẹ̀ yìí, láàárọ̀. Ẹ má bi í ní ìbéèrè kankan. Ẹ tẹ ìgbohùnsílẹ̀ orí fóònù, kí ẹ sọ fún un pé ẹ̀ ń gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ wá bẹ̀ ẹ́ pé kó kì yín bí ìyá àgbà ṣe máa ń kì yín.